Kòbàjẹ́ Níwájú Adájọ́

Bí o bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ bá obìnrin yìí, má ṣe sọ pé ó ti bàjẹ́. O ò ní sọ ọ́ tán tí yóò fi já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ: "Kò bàjẹ́! Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni." Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ, fáànù àti aago ògiri ṣe, ohun kan náà ló sì ń sọ. Kódà nígbà tí wọ́n gbé fáànù tí ọkọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ wá bá a, ó wò ó yíká, ó fọwọ́ gbá a, ó ní kò bàjẹ́. Abájọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Kòbàjẹ́. Òun náà ò sì jẹ́ kí orúkọ náà ṣòfò, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: KÒ SÍ OHUN TÍ KÒ ṢEÉ TÚN ṢE.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún yín: pátákó yìí ló fẹ́ẹ̀ pa á ní kóòtù.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìyá àgbà ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ògiri gígùn kan ló ń tọ̀ láti ibùsùn dé ìdí ẹ̀rọ omi, láti ìdí ẹ̀rọ omi dé balùwẹ̀, láti balùwẹ̀ dé orí àga ẹnu ọ̀nà, níbi tí yóò ti máa bá àwọn oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀. Ó mọ ibi tí ògiri ti sán, ó mọ ibi tí ìṣó ti yọrí, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fa òun lọ́wọ́. Bí ẹ bá bi Kòbàjẹ́ léèrè nípa ojú ìyá rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí yóò sọ. "Kò bàjẹ́. Dókítà kan ń bọ̀ tó máa rí sí i." Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí dókítà náà ti ń bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni kọngílá tó ra ilé ẹ̀gbẹ́ gbé ọ̀dà pupa dé, tó fà á gbọọrọ sára ògiri yìí. Ó ní orí ilẹ̀ òun ni ògiri wà, àti pé katakátá ń bọ̀ wá wó o lọ́jọ́ Ajé.

"Ilẹ̀ ta ni?" Kòbàjẹ́ pariwo. "Bàbá mi ló mọ ògiri yìí!"

"Ẹ gba kóòtù lọ, mọ̀mí," ni kọngílá wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀fẹ̀ ló pè é. Kòbàjẹ́ ò bá a ṣẹ̀fẹ̀, kóòtù náà ló gbà lọ.

Lọ́yà tó gba ẹjọ́ náà kéré lọ́jọ́ orí. Ọmọ aránṣọ kan tí Kòbàjẹ́ ti bá jí ẹ̀rọ rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀meje ni. Ó ṣàlàyé fún un pé ẹjọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ lè gba ọdún méjì, katakátá ò sì ní dúró. "Ẹ̀bẹ̀ méjì la máa bẹ adájọ́, mọ̀mí. Àkọ́kọ́, kó dá ọkùnrin yìí dúró kíákíá, kí wọ́n tó gbọ́ tẹnu ẹ̀ pàápàá. Ọjọ́ díẹ̀ nìyẹn. Èkejì, lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ tàwa gbọ́ tiẹ̀, kí ògiri ṣì wà níbẹ̀ títí ẹjọ́ á fi parí. Ṣùgbọ́n adájọ́ á bi yín bóyá ìpalára tí kò ṣeé tún ṣe ni."

"Tí kò ṣeé kí ni?"

"Tí kò ṣeé tún ṣe."

"Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú ṣọ́ọ̀bù mi ká ni?"

Wọ́n fà á títí. Níkẹyìn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìbúra pé bí ògiri bá wó, yóò wó lu ẹ̀rọ àwọn oníbàárà. Lọ́yà béèrè nípa Ìyá àgbà. Kòbàjẹ́ ní kó fi ìyá òun sílẹ̀, ojú rẹ̀ á dáa. Wọ́n wá ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi ti ìwé náà lẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọlọ́pàá ẹnu géètì kóòtù yọ sípánà mẹ́ta àti ìgò òróró ẹ̀rọ nínú báàgì Kòbàjẹ́. Nígbà tó wọlé jókòó, fáànù òkè ń ké kẹ̀ẹ̀ kẹ̀ẹ̀, ara rẹ̀ ò sì gbà á. "Òróró ló ń wá," ló ń sọ sí lọ́yà létí, "ẹ̀kán méjì péré." Lọ́yà ní kó jọ̀ọ́, kó dákẹ́.

Adájọ́ ka ìwé náà, ó gbé fọ́tò sókè, ó fa awò ojú rẹ̀ sórí imú.

"Kí ni wọ́n kọ sórí pátákó yìí?"

Ṣé ẹ rò pé ó fura? Kòbàjẹ́ na ọrùn, ó kà á sókè ketekete. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín.

"Bí ògiri yìí bá wó, ṣé kò ṣeé tún mọ?"

"Ó ṣeé tún mọ, Olúwa mi! Ọjọ́ mẹ́ta péré!"

"Àwọn ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà gbé wọn fún mi!"

Lọ́yà fi fáìlì bojú. Adájọ́ mú bírò. "Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣeé tún ṣe, kí lẹ wá bá wa fún?"

Ìgbà yẹn ni ojú Kòbàjẹ́ tó là. Ó fojú inú rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé: ìyá rẹ̀ dìde lórí ibùsùn, ó na ọwọ́ òsì, ọwọ́ ò sì bá nǹkan kan.

"Olúwa mi, ògiri ṣeé tún ṣe. Ìyá mi ni…" Ó gbójú kúrò lára fọ́tò náà. "Ojú ìyá mi ti bàjẹ́. Ògiri yẹn ló fi ń ríran. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ ọ, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Mo lè mọ òmíràn lọ́jọ́ mẹ́ta, àmọ́ n ò lè rí ọdún mẹ́rin fún un. Ó ti bàjẹ́, Olúwa mi. N ò lè tún un ṣe."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Adájọ́ bi lọ́yà ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí ò fi sí nínú ìwé ìbúra, ó ní kí wọ́n lọ kọ ọ́, kí wọ́n búra sí i, kí wọ́n sì padà wá kíákíá. Ni wọ́n bá sáré lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù, lọ́yà ká gáùn dání, Kòbàjẹ́ gbé bàtà kan sápá, èkejì ti já bọ́ sórí àtẹ̀gùn. Kí aago méjìlá tó lù, àṣẹ ti jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri náà fún ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà kí kọngílá wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ méje! Inú Kòbàjẹ́ dùn dénú eegun. Ó dì mọ́ lọ́yà, ó dì mọ́ ọlọ́pàá ẹnu géètì, ó sáré wọ mọ́tò tí kì í ṣe tẹni tó gbé e wá, ó tọrọ àforíjì, ó tún jáde. Ìránṣẹ́ kóòtù bá kọngílá níbi tó ti ń wọn ilẹ̀. Ọkùnrin náà ka ìwé ọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń wá àṣìṣe, ó wá tẹ ẹni tó ni katakátá láago pé kó má wulẹ̀ wá.

Orí àga ẹnu ọ̀nà ni Ìyá àgbà wà nígbà tí ọmọ rẹ̀ já wọlé tòun tariwo.

"Ọjọ́ méje, Ìyá mi! Wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án!"

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí lo sọ fún adájọ́ tó fi gbà?"

Kòbàjẹ́ wolẹ̀. "Mo sọ fún un pé ojú yín ti bàjẹ́."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ lu itan, títí Kòbàjẹ́ fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òun náà ń rẹ́rìn-ín, tó ń sunkún.

"Ọlọ́run ṣeun," ni ìyá náà wí, ó fọwọ́ wá orí ọmọ rẹ̀ rí. "Èmi ti mọ̀ látọdún mẹ́rin. Ìwọ ni mò ń dúró dè."