Igi Àsánì àti Ìbàmú Yẹ̀kínì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ má fi imú dáhùn. Ti òní kì í ṣe ti ẹranko. Ti ènìyàn ni, inú rẹ̀ sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí.

Ẹ̀yin ò bá Àsánì, àbúrò mi, láyé. Odó àti ilẹ̀kùn ló ń gbẹ́ ní Ṣakí níbí. Kò pẹ́ tí náírà dé, wọ́n ń la títì, ará Jàpáànù kan sì wà lára àwọn tó ń tún katakata ṣe. Èèkù òòlù rẹ̀ kán, Àsánì gbẹ́ òmíràn fún un. Ọkùnrin náà fi àwòrán kan dúpẹ́.

Mo rí i. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó kun ojú funfun báláú, tó ranjú bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, idà ní ìbàdí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè wà, àti omi, àti ọ̀nà tí àwọn èèyàn kéékèèké ń rìn. Ará Jàpáànù ní eléré tíátà ìlú àwọn ni. Ó ní wọn ò fọwọ́ kùn ún, igi ni wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kùn, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ bébà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, igi tirẹ̀. Orúkọ ẹni tó ṣe é sì wà létí ìwé.

Orúkọ yẹn ló wọ Àsánì lọ́kàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo odó tí mo ti gbẹ́, ta ló mọ̀ pé èmi ni?"

Mákindé, ọ̀gá eléré tíátà, ń bọ̀ wá ṣeré Iléyá. Yẹ̀kínì ló máa ń ṣe ọba fún un, tajá tẹran ló mọ̀ ọ́n. Àsánì lọ bá Mákindé: "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ Yẹ̀kínì, kí n fi àpáta ìlú wa sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ bá ti fẹ́ ṣeré. Kí orúkọ mi ṣáà wà létí rẹ̀." Mákindé ní ó dáa.

Igi mẹ́ta ló gbẹ́: ti dúdú, ti osùn, ti aró. Ohun tó bá wà lósì lára igi, ọ̀tún ló ń bọ́ sí lórí bébà. Àsánì rántí yí orúkọ rẹ̀ tó fi lẹ́tà kéú kọ. Ó rántí yí àpáta. Ojú ènìyàn ni kò rántí yí!

Nígbà tó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn, ariwo ta: "Àpáta wa rèé! Igi igbá Baba Ládòkun tó wà nídìí àpáta rèé!" Àfi Yẹ̀kínì tó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, níbi tí ìlà ìbàmú rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti imú.

"Ta ló gbé ìlà mi lọ sí ọ̀tún?"

"Yẹ̀kínì, wọ́n ti tún ọ bí!" Ẹ̀rín sọ.

Mákindé ní kí Àsánì máa lọ sídìí odó rẹ̀, kí ó fi igi sílẹ̀, àwọn á fi dáná. Ojú ti àbúrò mi débi pé kò lọ kírun Jímọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo lọ ra aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn. Kí ni mo rí lára ògiri? Àpáta wa! Wọ́n ti fi ọ̀bẹ ha orúkọ àbúrò mi kúrò lára igi kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ha ìbàmú náà kúrò pẹ̀lú, ojú Yẹ̀kínì wá ń dán bí ẹ̀yìn igbá.

Mo já ọ̀kan, ó di ibi tí wọ́n ti ń múra eré.

"Mákindé! Ṣé igi ìdáná náà rèé?"

"Ìyá Àwáwù, ẹ rọra. Ta ló mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ? Kò sórúkọ níbẹ̀."

"Ìwọ tí o ha á kúrò, o mọ̀ ọ́n! Olè tó jí àgbò, tó fá irun rẹ̀, tó ní ewúrẹ́ ni!"

Yẹ̀kínì gba ìwé lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò tíì rí i. Ó wò ó títí.

"Ọ̀gá, èyí tó ṣìnà lọ sí ọ̀tún ṣì ń jẹ́ ìlà bàbá mi. Ẹ wá sọ mí di ẹni tí kò nílé! Ẹ kó igi fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ wá ọba mìíràn."

Àwọn òǹwòran ti jókòó. Mákindé kó igi fún mi.

Àsánì gé ojú yẹn kúrò, ó fi igi tuntun dí i. Yẹ̀kínì fúnra rẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ̀ títí ìbàmú fi bọ́ síbi tó yẹ. Orúkọ wá tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ni àwọn eléré Mákindé lẹ̀ dé Àgọ́-Àrẹ àti Ijio.

Ṣé Mákindé bẹ̀ ẹ́? Rárá! Ó ń sọ kiri pé òun ló kọ́ Àsánì níṣẹ́. Ẹni tí kò lè gbẹ́ ìpọn ẹ̀kọ lásán!

Fadékẹ́, má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ẹ ká ẹní yín, ẹ wọlé lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí èmi jókòó síbí, kí inú mi rọ̀ díẹ̀.