Sùtánà Tó Ń Gbé Eruku Mì

Kókó tí mo mu láàárọ̀ yìí, eruku pákó ló wà lójú ẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ṣúgà pupa ni, inú mi ti ń dùn pé ìyàwó mi ti dárí jì mí. Mo tọ́ ọ wò. Eruku igi tẹ́ẹ̀kì ni. Tí wọ́n bá kó gbogbo tẹ́ẹ̀kì tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ tó ń la pákó jọ, á tó tábìlì kan, bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló máa kù. Mo mu kókó náà tán ṣá, torí mi ò ní ojú tí mo lè fi béèrè òmíràn nílé yìí báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra bẹ́ẹ̀dì tó ti dán tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ ò mọ ibi tí eruku ẹ̀ gbà lọ.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní Ahoyéyé, eruku pákó kì í fò. Ibi tó bá bọ́ sí ló máa ń wà. Apagi ni bàbá mi. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé ìtì igi dábùú lé e lórí, bàbá mi á dúró lórí igi, ẹ̀gbọ́n mi á wọ inú kòtò, ayùn gígùn kan á wà láàárín wọn. Tí ẹni òkè bá fà á, ẹni ìsàlẹ̀ náà á fà á. Igi tútù ni, eruku ẹ̀ wúwo bíi gààrí tí wọ́n bu omi sí, orí ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń bọ́ sí látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Tó bá jáde, a ò ní mọ̀ ọ́n mọ́ àfi tó bá sín. Àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni nílé tó rí eruku lójú ọbẹ̀, torí inú kòtò ni gbogbo ẹ̀ wà.

Kò sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ti ń dúró dè é pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n á mú agolo ńlá, wọ́n á ti ìgò sí àárín ẹ̀, wọ́n á ki eruku pákó yí i ká títí á fi le, wọ́n á wá yọ ìgò náà. Ihò tó bá kù láàárín, ibẹ̀ ni wọ́n ń ti iná bọ̀. Agolo kan á se ẹ̀wà jinná láìfẹ́ná. Èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á dà á sílẹ̀ ilé adìyẹ. Mo ti rí obìnrin méjì tó fa apẹ̀rẹ̀ kan náà ya lórí eruku bàbá mi. Ẹ wo bí ayé ṣe rí nígbà yẹn, àwọn èèyàn ń jà sí eruku.

Ìyá mi náà ní eruku tirẹ̀, ìyẹ̀fun láfún ni. Tó bá fẹ́ gún pákí gbígbẹ, á mú gèlè àtijọ́ kan, á fi bo ẹnu odó, á so ó mọ́ ọmọ odó lókè, á wá máa gún un lábẹ́ aṣọ. Gèlè yẹn á máa wú, á máa rọ̀, ìyẹ̀fun kankan ò ní jáde. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò fi àpò ìrẹsì bò ó, torí àpò le jù gèlè lọ. Ó ní, "Àpò lójú. Òwú ò lójú." Mo gbọ́ ọ, mo gbàgbé ẹ̀, bí mo ṣe gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà, mo gbàgbé ẹ̀. Ọdún kẹta tí mo wà nílé ìwé ni olùkọ́ ní kí n wá bá wọn kan bẹ́ǹṣì tó ṣẹ́ ní kíláàsì. Mo kàn án, ó dúró dáadáa, mi ò sì jókòó sórí ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di gbẹ́nàgbẹ́nà ní Pọ́bẹ̀. Mo fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ títí ejìká mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn tí mi ò kàn dáadáa. Mo wá ra ẹ̀rọ, ọ̀kan tó ń la pákó, ọ̀kan tó ń fá a. Mo gbé wọn sí àgọ́ tó wà nínú àgbàlá mi, torí mi ò níbòmíì. Nínú àgbàlá yẹn kan náà ni ìyàwó mi ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá ló ń lọ, òun ló sì ń fọ sùtánà fún ìdajì ìjọ wọn. Ó ń fọ̀ ọ́, ó ń fi búlúù sí i, ó ń lọ̀ ọ́. Kí aṣọ má baà dàrú, ó máa ń fi òwú aláwọ̀ sí kọ́là kálukú. Èmi náà ní sùtánà kan tó rán fún mi, òwú àwọ̀ ewé ló wà ní kọ́là tèmi. Mo máa ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkórè, tí ìkórè ọ̀hún bá bọ́ sí ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ẹ̀rọ tó ń yí kì í jẹ́ kí eruku bọ́ sílẹ̀, ṣe ló ń tú u sókè bí èéfín. Tí mo bá ti la pákó kan báyìí, gbogbo sùtánà tó wà lórí okùn á ti di àwọ̀ tíì. Ìyàwó mi á kó wọn padà sínú omi. Mo ní kí n máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sá aṣọ. Àmọ́ ìgbà tí oòrùn bá wà fún un ni kúráńtì ń wà fún èmi náà. Tí òjò bá ti rọ̀ tí kò lè sá aṣọ, kúráńtì náà á lọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá aṣọ padà. Ọ̀kan fa sùtánà ẹ̀ yọ lójú mi, ó gbọn ọ́n, ó ní ṣé inú àpótí èlùbọ́ ni wọ́n ká a sí ni.

Ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi pè mí. Kò pariwo. Ó ní, "Baba wọn, iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ yín nìyí. Tí eruku yìí ò bá dúró, màá kó bàsíà mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣakẹ́tẹ́, kí n máa fọ̀ ọ́ níbẹ̀." Mo ní Ṣakẹ́tẹ́ ò jìnnà. Ó ní, "Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn." Àmọ́ mo mọ̀ pé obìnrin tó bá gbé bàsíà lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ láàárọ̀, tí òjò bá ṣú nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló máa sùn. Ẹ sì mọ bí òjò ṣe ń ṣú ládùúgbò wa.

Mo pe ọmọ mi tó wà ní Kútọnu. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi, òyìnbó kan nínú àgọ́ ilé ẹ̀, ó ń la pákó, páìpù tá à ń pè ní tíyò gba ibí, tíyò gba ọ̀hún, gbogbo eruku ń wọ inú garawa bí ẹran tó mọ ilé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀. Ó la pákó tán, ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì funfun. Inú bí mi sí ọkùnrin yẹn gan-an.

Mo ṣe tèmi. Mo ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí alágbẹ̀dẹ kan ti fi ń fẹ́ná, mo fi tíyò so ó mọ́ ìdí ẹ̀rọ mi kí ó máa fa eruku, mo wá fi àpò ìrẹsì sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Èyí tó tóbi nínú eruku dúró nínú àpò. Èyí tó kúnná gba ara àpò jáde, afẹ́fẹ́ sì gbé e tààrà lọ sórí okùn. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni eruku ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá aṣọ. Èmi wá wá ọkọ̀ fún un. Mo fi omi rin àpò náà, ó bá di, ó wú, ó bẹ́ mọ́ mi lójú. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, eruku tútù lórí mi, mo dà bí ẹ̀gbọ́n mi nínú kòtò. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìyá mi dé. Àpò lójú. Òwú ò lójú.

Kí ló wà nílé wa tó jẹ́ òwú, tó nípọn, tó fẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀? Ẹ má dá mi lóhùn.

Mo gé àgbá kan sí méjì, mo jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba ìsàlẹ̀ ẹ̀ wọlé, mo so etí ìsàlẹ̀ sùtánà mi mọ́ ẹnu àgbá náà yíká. Mo so ọrùn ẹ̀ pa, mo so ọwọ́ méjèèjì pa. Mo tan ẹ̀rọ. Sùtánà náà wú ní ikùn, ó wú láyà, ó bá dìde dúró sórí àgbá, ó gbé apá méjèèjì sókè. Mo la pákó kan, mo la òmíràn. Eruku ń wọlé sí i, kò sí èyí tó jáde. Tí mo bá pa ẹ̀rọ, á rọra kúnlẹ̀, eruku inú ẹ̀ á dà sínú àgbá. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ọwọ́ mi ṣe láyé mi, kò sí èyí tó dára tó o, mi ò sì lè fi han ẹnì kankan. Aṣọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìsìn ni, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń fi bo àgbá. Mo bá ń ti ilẹ̀kùn àgọ́ mọ́rí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Aṣọ orí okùn funfun bí ẹfun. Àwọn tó ti lọ padà wá. Ìyàwó mi ń fi ẹran sí ọbẹ̀ mi. Ó ń yìn mí fún àwọn ará ìjọ, ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, torí ó mú alákòóso ìjọ wọn wá wò ó. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì dàgbà tó mi, aṣọ ẹ̀ ló wá gbà.

Ó ní, "Baba, wọ́n ní kí n wá kí yín kú iṣẹ́ ẹ̀rọ."

Mo ní kúráńtì ò sí, kò sí ohun tó lè rí.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn fojú rí i, Baba wọn. Ẹ̀ ń tijú jù." Ó ṣílẹ̀kùn.

Sùtánà náà sùn sórí àgbá, ó ti pọ́n bí àkísà. Alákòóso ní, "Ṣé òun nìyí?" Mo ní òun ni, aṣọ lásán ni. Mo ti ń darí wọn síta. Rédíò ilé kejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kúráńtì ti dé. Mo ránṣẹ́ sí ọwọ́ mi pé kó pa ẹ̀rọ, kò tètè gbọ́. Ikùn wú, àyà wú. Apá ọ̀tún lọ sókè. Apá òsì pẹ́ díẹ̀, ó wá tẹ̀ lé e.

Alákòóso wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "Baba, láti ìkórè èṣí a ò rí aṣọ yìí nínú ìsìn. Ó dáa, ó ṣì ń gbọ́wọ́ sókè níbìkan." Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba aṣọ ẹ̀, ó lọ.

Ìyàwó mi ò wo ojú mi. Kọ́là ló ń wò, òwú àwọ̀ ewé. Ó ní, "Ẹ pa á." Mo pa á. Sùtánà kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Èmi náà ì bá kúnlẹ̀, eékún mi ni ò gbà.

Ó tú u kúrò, ó gbé e lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di bàsíà mọ́ ẹ̀yìn sẹmíjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, ó kọrí sí Ṣakẹ́tẹ́. Àtìgbà náà, á lọ láàárọ̀, á dé nírọ̀lẹ́, á gbé oúnjẹ sílẹ̀, á wọlé lọ. Òjò ò tíì ṣú. Mo ń wo ojú ọ̀run ju àgbẹ̀ lọ. Mo gbé ohun tí bàbá mi fi ń fá pákó jáde, mo fá ẹsẹ̀ àga kan, mo sinmi títí ọ̀sán. Mo padà sídìí ẹ̀rọ láìsí sùtánà, eruku padà sínú kókó mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé eruku ò pọ̀ ju tayé bàbá mi lọ. Igi kan náà ni. Nígbà yẹn, ó ní ibi tó ń bọ́ sí, ó ní ẹni tó ń wá a wá. Mo bẹ obìnrin kan ládùúgbò pé kó máa wá kó o, ó ní gáàsì lòun fi ń dáná, ṣé mo fẹ́ sọ ilé òun di ààtàn ni. Iṣẹ́ tí bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, mo lè ṣe é kí oòrùn tó mú, mo sì lè fi ìyókù ọjọ́ máa wá ẹni tó máa dárí eruku ẹ̀ jì mí. Wọ́n ta ẹ̀rọ fún wa, kò sẹ́ni tó ta kòtò mọ́ ọn.

Lónìí, ìyàwó mi ò lọ sí Ṣakẹ́tẹ́. Lẹ́yìn tí mo mu kókó yẹn tán, mo jáde, mo rí sùtánà kan ṣoṣo lórí okùn, ó funfun, àfi kọ́là tó ṣì ní àwọ̀ tíì díẹ̀. Mi ò tan ẹ̀rọ. Nígbà tó di ọ̀sán ló wọ àgọ́ wá, ó ju aṣọ kan sórí pákó tí mo ń fá. Mo tú u. Àpò gígùn ni, òwú funfun tó nípọn, ojú rírán ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, kò lọ́rùn, ẹnu ẹ̀ sì fẹ̀ tó ẹnu àgbá mi gẹ́lẹ́. Mi ò mọ ìgbà tó wọ̀n ọ́n. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn.

Ó ní, "Èyí tí kò lápá ni ti ẹ̀rọ yín. Èyí tó lápá wà lórí okùn, ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n lè rí i pé èèyàn ló ń gbé apá náà sókè."