Kòńgò Méjì Alàgbà Mákindé

Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀san láìgbé igi, Ìyá Abọ́sẹ̀dé ni, Dúróríkẹ́ opó, ní Ìwéré-Ilé wa níbí. Àgbàdo ló ń gbìn. Ní 1983 tí ọ̀dá dá wa lóró, Alàgbà Mákindé ló ra àgbàdo ẹ̀. Ohun tó kún kòńgò nílé, tó bá dé ìsọ̀ Mákindé, kì í kún mọ́. Ebi wá dé, ìyá lọ ra díẹ̀ padà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn náà. Ó délé, ó tún un wọ̀n, kò pé. Ibẹ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ọmọ ẹ̀ ti kúrò níléèwé, torí owó ò sí mọ́. Ìyá ò pariwo. Ó ní Mákindé máa san án.

Níbi ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, oníwàásù sọ̀rọ̀ Ámósì fún wa, darandaran tó dojú kọ àwọn olówó Ísírẹ́lì, pé wọ́n ń fi òṣùwọ̀n èké ta ọkà fún tálákà, wọ́n tún ń kọrin nílé Ọlọ́run. Àmín Mákindé ló ròkè jù. Kò tiẹ̀ tijú.

Tí ìsìn bá parí lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ta ọkà tí ìjọ mú wá, àwọn obìnrin á máa wọ̀n ọ́n. Mákindé ló máa ń ra gbogbo àgbàdo. Ó ti ní òun á rà á lójú gbogbo ìjọ. Kòńgò ò tó, wọ́n ránṣẹ́ sí ìsọ̀ ẹ̀. Ìyàwó ọmọ ẹ̀, tí ò tíì mọ àṣírí ilé, kó méjì wá.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé dojú wọn dé. Wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú, kò gba ọkà tó bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n lu tèkejì jáde, ó yọ bí ikùn aboyún. Èyí tí wọ́n lu wọnú ló mú, ló bá ń fi wọn àgbàdo sápò Mákindé.

Mákindé wò ó títí, ojúkòkòrò ò jẹ́ kó dákẹ́. "Ìyá Abọ́sẹ̀dé, èyí kọ́ ni kòńgò tá a fi ń rà."

Gbogbo ìjọ gbọ́.

"Èwo lẹ wá fi ń tà, Alàgbà?"

Oníwàásù ní kí ìyá foríjì í. Ìyá ní òun gbọ́, kí wọ́n jẹ́ kóun wọ̀n ọ́n tán ná. Kòńgò tí ìdí ẹ̀ wọnú yẹn náà ló fi wọ̀n ọ́n tán.

Lọ́jọ́ ọjà, ìyá jókòó sẹ́nu ìsọ̀ Mákindé, ó dojú kòńgò méjèèjì tí ò dá padà dé síwájú, ó ń jẹ ẹ̀pà. Àgbẹ̀ tó bá gbé ọkà dé á wo ìdí kòńgò, á wo Mákindé, á yí padà. Mákindé jáde wá bẹ̀ ẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú agbádá. Ìyá na ẹ̀pà sí i.

"Ẹ jókòó, Alàgbà. Ọjọ́ ọjà ṣì pọ̀ níwájú."

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá, títí ọkùnrin náà fi kó lọ sí Ìgbòho. Kò dùn mí rárá.