Sàárà fún Òkú Inú Yìnyín

Iṣẹ́ ohùn ni Àkàngbé ń ṣe. Nínú yàrá tó yá ní Sábó ló ti ń fi Yorùbá sọ ìtàn ibi jíjìn fáwọn tó ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ó dùn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìtàn òkìtì yìnyín kan ló kàn án, ní erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, nísàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Yìnyín náà ń rọra wọ́ lọ sínú òkun. Orúkọ òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Torvang, ni wọ́n fi sọ ọ́. Torvang ò débẹ̀ rí. Yìnyín ibòmíràn ló rìn, ó darúgbó, ó kú sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì sin ín. Wọ́n kàn fi orúkọ náà yẹ́ ẹ sí ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí kò lómijé nínú, ta ni yóò gbọ́ ọ dópin? Àkàngbé bá bu iyọ̀ sí i. Ó ní ibẹ̀ ni Torvang kú sí, yìnyín gbé e mì, kò sì sẹ́ni tó bu erùpẹ̀ sí i lára títí dòní. Irọ́ gbuu!

Ìyá Basheerah, onílé rẹ̀, gbọ́ ìtàn yìí, ó sunkún. "Ọmọ ọlọ́mọ! Kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fún un?" Nígbà tó fi di Jímọ̀, ìyá ti dín mósà, ó ti pe Àfáà, ó ti kó ará ilé jọ sí gbàgede.

Ojú ti Àkàngbé, kò rójú gbé orí sókè. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan..."

"Ó di ẹ̀yìn àdúrà. Jókòó, ọmọ mi, ìwọ lo jẹ́ ká mọ̀." Wọ́n ń kí i pé ó káre. Ó bá jókòó.

Àfáà tẹ́wọ́. "Kí lorúkọ ìyá olóògbé? Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó bí i."

Gbogbo ojú kọ sí Àkàngbé. Ibi tó yẹ kó ti jẹ́wọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti sá síwájú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

"Adéfúnmiláyọ̀," ó ní. Orúkọ ìyá tirẹ̀ ni, tó wà láàyè ní Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ọlọ́run, forí jin ọmọ Adéfúnmiláyọ̀. Gbogbo ohun tó fẹnu ṣì sọ, pa á rẹ́. Jẹ́ kí sàréè rẹ̀ tutù."

"Àmín!" Ohùn Ìyá Basheerah ló ròkè jù.

Àkàngbé, ọmọ kan ṣoṣo tí Adéfúnmiláyọ̀ bí, jókòó láàárín wọn, mósà gbígbóná lọ́wọ́. Ohùn tó fi ń jẹun kọ̀, kò bá a ṣe àmín.