Orúnkún Màmá Mi Kọ̀, Ẹ̀gbọ́n Wọn Kò Gbà

Ìfẹ́ ni àwa ọmọ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ màmá mi di arọ. Wọ́n ṣubú nídìí ọṣẹ tí wọ́n ń tà, egungun ìbàdí wọn fọ́, dókítà tò ó, a sì gbé wọn wá sílé ní Sabon Zongo. Láti ọjọ́ náà, a ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé ṣíbí. A ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún wọn tọ̀sán-tòru kí ara lè tù wọ́n. Nígbà tó fi di oṣù kejì, ẹsẹ̀ kò nà mọ́, kò sì ká mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ju ìrọ̀rí náà sí kọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n máa ká ẹsẹ̀, kí wọ́n máa nà án, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ ọ́ fún mi láìfi bò: bí oríkèé orúnkún yìí bá gan báyìí, màmá kò ní jókòó sórí àga mọ́ láyé. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ̀rù kò ba màmá.

“Maame, mepa wo kyɛw,” ni nọ́ọ̀sì ń wí, ó ń bẹ̀ wọ́n lédè Twi pé kó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Ẹ sọ fún un pé mo ti rìn,” ni màmá dáhùn. “Ogójì ọdún ni mo fi ru ọṣẹ láti ibí dé Kokomlemle. Kó ka ìyẹn mọ́ ọn.”

Wọ́n bá dijú, wọ́n ń hanrun níṣojú gbogbo wa, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Bí kì í bá ṣe pé ìyá ni ìyá ń jẹ́, ǹ bá fún wọn ní ìgbájú.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ń gbé Lapaz ló pè lórí fóònù lọ́jọ́ kan pé òun ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọdún méjì péré ni ẹ̀gbọ́n yìí fi ju màmá lọ, ṣùgbọ́n láti kékeré, màmá kì í kí i láìkúnlẹ̀. Ojú màmá là rekete.

“Báwo ni n ó ṣe kúnlẹ̀?”

“Màmá, ara yín ò yá. Wọ́n á mọ̀.”

“Kí ni wọ́n á mọ̀? Mò ń rọbí rẹ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé, mo kúnlẹ̀ kí wọn kí n tó bí ọ.”

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, màmá ní ká pe nọ́ọ̀sì wá. Mẹ́wàá tí wọ́n kọ̀, wọ́n ṣe ogún. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń bú orúnkún: “Olóríkunkun! Àlejò ń bọ̀, ìwọ ń ṣe agídí!”

Nígbà tí Jímọ̀ pé, àwa mẹ́rin la di màmá mú lórí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n lè kúnlẹ̀. Orúnkún ká díẹ̀, ó dúró. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga, báàgì lórí itan, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wá wo yàrá tó fẹ́ háyà.

“Èyí kọ́ ni ìkúnlẹ̀,” ni wọ́n wí. “Màá padà wá ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ wá gba èyí tó péye.”

Inú bí mi débi pé n ò sìn wọ́n dé ìta. Wọ́n sì padà wá lóòótọ́, wọ́n tún kọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ni ìyá àgbà yìí fi ń wọ ọkọ̀ trotro láti Lapaz, tí wọ́n ń wá sọ fún àbúrò wọn pé kò tíì dára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, orúnkún méjèèjì kan ẹní nílẹ̀. “Kò burú,” ni ẹ̀gbọ́n wí, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo bá wọn lẹ́yìn àgbá omi, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Ojú tì mí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, ó wá kàn wọ́n láti dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ní ìyá àwọn ò fẹ́ mira rárá. Màmá mi fi ọ̀pá wọlé tọ̀ wọ́n lọ ní Lapaz. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí wọn, wọ́n ń retí ìkíni. Màmá dúró ṣánṣán.

“A kì í kúnlẹ̀ kí ẹni tó dùbúlẹ̀,” ni màmá wí. “Òkú ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, kí n kí yín.”

“Ìwọ ọmọ yìí!”

Ẹ̀gbọ́n fi ìgúnpá ti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ń bú màmá, wọ́n sì ń ti ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀. Màmá mi ti tẹ orúnkún dé ìdajì, wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń retí kí ẹ̀gbọ́n jókòó.