Ìyàwó Oníṣu Tí Kò Gbọdọ̀ Jẹ Iyán

Sàkínà, ọmọ mi obìnrin, ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà. A ń bọ̀ láti oko lọ́jọ́ náà, mo wà níwájú pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí, òun ń tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Màmá, ta ló ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà yìí?" Mo ní ó lè jẹ́ ẹran tí ọdẹ kan yìnbọn fún. A tún rìn díẹ̀, ló bá figbe ta: "Màmá, ẹ dúró! Ẹ̀yin ni!" Mo sọ agbọ̀n kalẹ̀, mo bọ́ bàtà rọ́bà mi. Ṣóńṣó igi gbígbẹ kan ti gba ìdí bàtà wọlé, ó ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín, ẹ̀jẹ̀ sì ti kún inú bàtà. N kò mọ ìgbà tó gún mi. Mo fi ìka tẹ ojú ọgbẹ́ náà, n kò gbọ́ ìrora kankan. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Àfúsátù ni orúkọ mi. Manigri, ní ilẹ̀ Benin, ni ilé ọkọ mi, iṣu àti kajú, tí àwọn mìíràn ń pè ní kaṣú, la ń gbìn. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè wa, nítorí náà kí ẹni tó bá rí àṣìṣe mi fojú fò ó. Mo ń kọ èyí nítorí mo mọ̀ pé ẹnìkan wà níbì kan tí òùngbẹ ń gbẹ bó ṣe gbẹ mí, tó sì ń sọ pé ooru ló fà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń mu omi bí ẹni tó jẹ iyọ̀. Mo ń tọ̀ ṣáá, oorun ń kùn mí lójú ọ̀sán, ara mi ń yún mi. Mo sì sanra. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ rárá. Ọkọ mi ni wọ́n máa ń kí pé ó kú iṣẹ́, pé ó ń tọ́jú mi. Inú tiwa náà ń dùn.

A fi omi gbígbóná àti ewé wẹ ọgbẹ́ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò jinná, kò sì dùn mí. Àìdùn yẹn ló tan wá jẹ. "Egbò tí kò dunni, kí lẹ fẹ́ gbé e lọ sí òpitáàlì fún?" ni ọkọ mi wí. Nígbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú rẹ̀ jáde, Sàkínà kò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó pe zẹ́mìjàn, ó gbé mi sáàárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà náà, ó di ilé ìwòsàn ní Bassila.

Orí àga gbọọrọ la jókòó sí níbẹ̀, láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọkùnrin kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé láti orúnkún. Mo gbìyànjú kí n má wo ibẹ̀, ibẹ̀ náà ni ojú mi ń lọ. Ó rí mi, ó kí mi ní èdè Anii, mo sì dáhùn.

Dókítà obìnrin kan ló rí wa, ọmọdé lójú mi. Ó gún mi níka, ó fi ẹ̀jẹ̀ mi sórí ẹ̀rọ kékeré kan, ó tún gbé mi gun òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́tàdínláàádọ́fà. Ó ń sọ Faransé, Sàkínà ń túmọ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, èyí tí àwọn ń pè ní dìyàbẹ́tì. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí: oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ara sì ní èròjà kan tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yẹn láti wọ inú ẹran ara. Lára tèmi, ilẹ̀kùn náà ti ń kọ̀, ọ̀rá sì wà lára ohun tó ń mú un kọ̀. Ṣúgà wá ń kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á máa pa àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ, á sì máa dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ ló jìnnà jù, ẹsẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ jìyà. Ìdí nìyẹn tí igi fi gún mi tí n kò mọ̀.

"Tó bá kan egungun, a máa ní láti gé e," ló wí.

Sàkínà bi í pé, "Ìka ni, àbí ẹsẹ̀?"

Dókítà náà tún ọgbẹ́ náà wò. Ó ní ọwọ́ ṣúgà ni ìyẹn wà.

Ó fún mi ní oògùn oníhóró. Ó ní kí wọ́n máa wẹ ọgbẹ́ náà ní ọjọ́ méjì méjì. Ó ní mo gbọ́dọ̀ fọn, kí n sì jáwọ́ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní fékúláǹ, ìyẹn oúnjẹ afúnnilágbára: iyán, ọkà, wásáwásá tí a fi èlùbọ́ ṣe, gààrí, ìrẹsì, búrẹ́dì. Mo ní kí Sàkínà bá mi bi í pé kí ló wá kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní Manigri, ẹni tó jẹ ẹran, tó jẹ ẹyin, tó jẹ ẹ̀fọ́ títí, tí iyán kò bá kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, á sọ fún ọ pé òun kò tíì jẹun. Ohun tí kò bá ti inú odó tàbí inú ìkòkò ọkà jáde, a kì í kà á sí oúnjẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Oṣù àkọ́kọ́, ebi pa mí. Sàkínà ń gúnyán, èmi ń jókòó mọ ọ́n fún àwọn ará ilé, ooru rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú. Mo máa ń sáré fọ ọwọ́ mi kí n má baà lá a. Ẹyin sísè méjì ni tèmi, tàbí wàrà Fúlàní díndín pẹ̀lú ọbẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, tí mo ń fi ṣíbí jẹ láìsí òkèlè. Ọkọ mi ní, "Ẹ wá wo ìyàwó oníṣu tó ń jẹ ewé bí ewúrẹ́." Ó fi ṣe àwàdà, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń dùn ún. Iṣu tó dára jù lọ nínú abà ló máa ń yà sọ́tọ̀ fún mi láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo sì ń jẹ́ kó jókòó. Mo sunkún lórí àwo ọbẹ̀ mi nígbà kan, Sàkínà ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Nígbà tí a padà lọ sí Bassila, ṣúgà ti wálẹ̀, ọgbẹ́ náà pọ́n dáadáa. Mo fò sókè nínú ọkàn mi.

Ni kajú bá pọ́n.

Nígbà kajú, gbogbo wa la máa ń wà lóko. Wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń kó o wá bá èmi tí n kò lè rìn káàkiri, mo jókòó lábẹ́ igi, mò ń yí kóró kúrò lára èso láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí a tún padà lọ sídìí ẹ̀rọ dókítà, ṣúgà mi ti ga ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ó bi mí bóyá mò ń lo oògùn. Mò ń lò ó. Ó bi mí ohun tí mò ń jẹ. Mo kà á fún un, mo sì fi Ọlọ́run búra. Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó pààrọ̀ oògùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò wálẹ̀.

Nílé, ọkọ mi, tó máa ń fi orúkọ ọmọ wa ọkùnrin pè mí, wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìyá Ráfíù, tó o bá ń jẹ iyán níkọ̀kọ̀, sọ fún mi. N kò ní bínú." Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mí tó ìyẹn. Ebi ń pa mí, ẹ̀ṣẹ̀ tí n kò dá ni wọ́n sì ń kà sí mi lọ́rùn. Sàkínà pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye òkèlè tó wà nínú àwo àwọn ọmọ. Mo rí i nígbà tó ń kà á.

Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo ti gbà pé mo ti kú. Mo ronú pé kí n kúkú jẹ iyán mi kí n yó, kí wọ́n gé ẹsẹ̀, kí ó tán. Mo lọ síwájú odó lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé dá, iyán àárọ̀ ṣẹ́kù nínú àwo, mo bù ú, mo gbé e dé ẹnu. N kò mọ ohun tó mú mi jù ú sí adìyẹ. Kì í ṣe agbára. Mo rò pé ìbínú ni, pé tí mo bá jẹ ẹ́, ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ á di òótọ́.

Ọjọ́ kejì, oko la ti gba Bassila lọ nítorí pé ìka náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún, n kò ráyè pààrọ̀ aṣọ. Dókítà náà wo ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ìka náà gbọ́dọ̀ kúrò. Ó wá gbójú sókè, ó ń wo àyà bùbá mi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Màmá, kí ló ta sí yín láṣọ?"

Mo wolẹ̀ wo ara mi. Àbàwọ́n kajú ni, pupa rúsúrúsú, láti àgbọ̀n dé àyà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọṣẹ kì í bọ́ ọ. Mo ní, "Omi kajú ni. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí, mo kàn ń fà á mu lẹ́nu iṣẹ́."

"Mélòó lójúmọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló ń ka kajú? Èso tí a ń jù sílẹ̀ ni, kóró rẹ̀ la ń wá. A máa ń fà á mu, a ń tu èérún rẹ̀ dànù, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Sàkínà ló dáhùn pẹ̀lú ohùn wẹ́ẹ́rẹ́: ó lè tó ogójì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ṣúgà ni omi yẹn, ṣúgà gan-an. Bí mo bá ṣe ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ á ṣe máa gbẹ mí sí i, màá sì tún mu ún. Ẹyin àti ẹ̀fọ́ ni mo fi ń jìyà, kajú ni mo fi ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Wọ́n gé ọmọńdinrín náà ní ilé ìwòsàn tó tóbi jù tí wọ́n gbé mi lọ. N kò ní parọ́ pé kò dùn mí. Abẹ́ kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo mọ ẹni tó gé e, èmi ni.

Ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Sàkínà. Nígbà tí mo padà sóko, ó gbé bídọ́ǹ omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó tì mí, ó ń bá mi yí kóró. Òun tó fẹ́ràn kajú jù wá lọ, kò fi ọ̀kan kan ẹnu. "Ìyá Ráfíù," ló wí nígbà tó yá, "mo ṣẹ̀ ọ́." Mo ní kó gbé omi fún mi.

Ohun tó gbà mí lẹ́yìn náà, sùúrù ni. Mo kọ́ láti gé ṣúù, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kábéèjì, wẹ́wẹ́, kí n sì sè é lórí ooru bí a ṣe ń se wásáwásá, kí n bu ọbẹ̀ ilá oníirú lé e. Olú inú igbó, ìgbá, ẹtù lọ́jọ́ tí a bá rí i. Ọjọ́ kan òógùn bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ṣúgà ti wá kéré jù, dókítà sì dín oògùn mi kù. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá a ṣe. Ẹni tó bá ń lo oògùn, kó sọ fún dókítà kó tó yí oúnjẹ padà. Ó lé ní ọdún kan kí òṣùwọ̀n tó ka mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Bí mo ṣe ń fọn, àwọn èèyàn ń wá kí mi bí ẹni tó ń kú lọ, wọ́n ń bi ọkọ mi bóyá oúnjẹ ti tán nílé. Ó ń dá wọn lóhùn pé iṣu kún abà, pé ìyàwó òun ni kò fẹ́.

Ọgbẹ́ náà ti pa ojú dé. Ìka mẹ́rin ló kù lẹ́sẹ̀ náà, mo sì ń fi í rìn dé oko. Ìmọ̀lára rẹ̀ kò padà, dókítà sì ti sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kó má padà mọ́. Mo máa ń bínú sí ara mi yìí tẹ́lẹ̀ pé ó tàn mí. Ní báyìí, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi nígbà tí èmi fúnra mi kò mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ọ.

Ẹni tí kò bá gbọ́ ìrora gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò máa bá a wò ó. Ní àràárọ̀, kí a tó lọ sóko, ọkọ mi máa ń gbé ẹsẹ̀ mi lé itan rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó máa ń fi ọwọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ tó le koko yẹn tọ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, àárín ìka kọ̀ọ̀kan, àti ojú àpá. N kò gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ rárá. Mo kàn ń fi ojú wò ó bó ṣe ń lọ. Tó bá parí, á ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, á gbọn bàtà mi kó lè mọ̀ pé òkúta kò sí nínú rẹ̀, á sì wọ̀ ọ́ fún mi.