Ìjẹ́wọ́ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Ìyìn

Òórùn koríko òrùlé tí òjò ti pa mọ́jú ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn ní Ìyìn. Mo ti ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Adó láti ìdájí, ẹrẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, ó sì rẹ̀ mí. Kì í ṣe ìrìn nìkan ló rẹ̀ mí. Ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló sú mi. Bí ìwọ náà bá ti wá ibi tí o máa jókòó sí kiri rí, o mọ ohun tí mò ń sọ.

Àwọn ọdún tí ìsọjí gba gbogbo Èkìtì ni. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ káfíńtà gbé ọkọ mi wá sí Adó, èmi sì ń ta iyọ̀ ní Ọjà Ọba. Ibà pa ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo kí ó tó pé ọdún méjì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, aríran kan dìde láàárín àtẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ, ó na ìka sí mi, ó ní ọwọ́ mi wà nínú ikú ọmọ náà, kí n jẹ́wọ́. Kí ni kí n jẹ́wọ́? Pé mo fún un ní àgbo, tí wọ́n kà léèwọ̀? Wọ́n ní bí n kò bá jẹ́wọ́, kí n má padà wá. Ọkọ mi ní kí n ṣáà jẹ́wọ́ nǹkan kan kí a lè sinmi. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Mo gbìyànjú ṣọ́ọ̀ṣì méjì mìíràn. Ní àkọ́kọ́, ìròyìn mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ní èkejì, kò sẹ́ni tó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Oníbàárà mi kan ló sọ fún mi pé ní Ìyìn, wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn bíi ti àtijọ́, láìsí aríran.

Ìyá àgbà kan rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sún. “Ọmọ mi, wá jókòó. Ulé Olúwa ni.” Kò bi mí ní nǹkan kan. Bàbá kan tó fi òwú so awò ojú rẹ̀ ń ka ìlà orin kọ̀ọ̀kan, ìjọ sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ọ́ tẹ̀ lé e, torí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé. Orin tí ìyá mi máa ń kọ nídìí ìkòkò aró ni. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. N kò tíì kọrin láti ọjọ́ tí a sin ọmọ. Wọ́n kọ ọ́ parí, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wò mí.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ìjọ ní ó tó àkókò ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Láti kékeré ni mo ti mọ apá ìsìn yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di pàṣán létí mi. Mo dìde, èmi nìkan, mo ti ṣe tán láti pe ara mi ní apànìyàn kí wọ́n ṣáà lè jẹ́ kí n jókòó.

Ìyá náà rọra fà mí ní ìró. “Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo wa la máa jẹ́wọ́.”

Mo wò yíká. Bàbá olórin ti wà lórí ìkúnlẹ̀, olùkọ́ ìjọ náà sì ti kúnlẹ̀. Ohùn kan náà ni wọ́n fi gbàdúrà, kò sì sẹ́ni tí wọ́n na ìka sí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi rin ọ̀nà yẹn lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn Adó sì ń bi mí ohun tí mo rí níbẹ̀. Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n n kò pa ọmọ mi, àárín àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ yẹn ni mo sì ti kọ́kọ́ ráyè sunkún rẹ̀.